Oorun Tó Ń Ta Bí Ata

Bàbá mi ní òun ò lọ mọ́. Bí ẹni tó ń sọ pé òun ò fẹ́ ṣúgà nínú tíì ló ṣe sọ ọ́. Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an ni o. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, èkejì wà lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì ti wà nínú ọkọ̀ níta, ó ń tẹ họ́ọ̀nù bí ẹni tó fẹ́ jí òkú.

"Bàbá, kí lẹ wí?"

"Mo ní mi ò lọ mọ́. Kí kókó yẹn máa gbé ibi tó ń gbé. Èmi náà ń gbé ibì kan, kò sẹ́ni tó ń fi ọ̀bẹ lé mi jáde."

Ká ní inú ò bí mi ni, ǹ bá rẹ́rìn-ín. Kókó tó ń wí yìí, inú àpò ìtọ̀ rẹ̀ ló wà. Ó ti hù tẹ́lẹ̀, wọ́n ha á kúrò, ó sì tún ti hù. Dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ nígbà tó ń bá wa sọ̀rọ̀: irú kókó báyìí, tí wọ́n bá ń tètè ha á, èèyàn á máa bá ayé ẹ̀ lọ, àmọ́ tí wọ́n bá fi í sílẹ̀, á ta gbòǹgbò wọnú ara, ó sì di ẹjọ́ mìíràn. Ìtọ̀ bàbá mi sì ti ń pọ́n bí omi tí wọ́n fi ṣan aṣọ pupa.

Bàbá mi kì í ṣe ojo. Bírikìlà ni, orí àkàbà ló ti lo gbogbo ìgbà èwe rẹ̀. Mo ti rí i rí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìṣó yọ látẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀, tó nù ún, tó sì jù ú sápò pé ó ṣì wúlò. Ọ̀bẹ kò bà á lẹ́rù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni oògùn tí wọ́n fi ń gbé e sùn.

"Ẹ ti gbàgbé ohun tí wọ́n fi sí mi lọ́wọ́," ó ní. "Ata ni. Wọ́n lọ ata, wọ́n fi omi gbígbóná pò ó, wọ́n wá gún un sí mi níṣan. Ó gba ẹ̀yìn ọwọ́ wọlé, ó ń gun apá mi lọ sókè, mo ń pariwo, ẹnì kan dúró tì mí tó ń sọ fún mi pé pẹ̀lẹ́."

Ẹni tó ń sọ ọ́ fún yìí, iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Nọ́ọ̀sì tó ń fúnni ní oògùn akunnilóorun ni mí, ọsibítù yẹn náà ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ ha kókó náà, wọ́n ti rán mi lọ gba ẹ̀kọ́ níbòmíràn, n kò sí nílé. Oògùn funfun tó dà bíi wàrà yẹn, ojoojúmọ́ la ń lò ó. Òótọ́ ni pé ó ń ta. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n láàárín wa, pàápàá tí wọ́n bá gba inú iṣan tín-ín-rín tó wà lẹ́yìn ọwọ́. Àmọ́ oorun máa ń gbé èèyàn lọ kó tó ráyè rojọ́, ìdí nìyẹn tí a fi máa ń sọ láàárín ara wa pé, "Kò ní rántí."

Bàbá mi rántí. Ó rántí débi pé tí omi gbígbóná bá ta sí i lẹ́yìn ọwọ́ níbi tó ti ń fọ abọ́, á já ọwọ́ gbà bí ẹni tí ejò bù jẹ. Ẹni tí ejò bá sì ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, sísá ló ń sá. Ká tó wá sọ pé kó lọ kí ejò ọ̀hún nílé.

Kò sí ọ̀nà mìíràn. Àwọn kan wà tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn, tí wọ́n á kàn mú ìsàlẹ̀ ara wọn kú, tí wọ́n á lajú sílẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí. Bàbá mi ti já látorí àkàbà rí, irin ni wọ́n fi to egungun ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀, abẹ́rẹ́ kankan kò lè ráyè gba ibẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí rìn káàkiri yàrá náà. Mo ká aṣọ rẹ̀, mo tún un ká. Mo ṣí fèrèsé, mo pa á dé. Lẹ́yìn náà ni mo la ẹnu mi tí kò ní ìjánu, mo ní, "Bàbá, tí mo bá ṣèlérí fún yín pé kò ní ta ńkọ́?"

Ó gbójú sókè wò mí. Ìyá mi ló máa ń pè mí, torí wọ́n ní mo jọ ìyá tó bí i, láti orí imú títí dórí àìlèfìdímọ́lẹ̀. "Ìyá mi, ṣé ìwọ lo máa fún mi?"

"Èmi kọ́. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn fún ará ilé ẹ̀. Àmọ́ èmi ni màá múra ọwọ́ yín sílẹ̀."

"Wàá ṣe é kó má ta?"

"Màá ṣe é kó má ta."

Ó wọ bàtà kejì.

Nínú ọkọ̀ ni ojú mi tó wálẹ̀. Ta ló rán mi níṣẹ́? Kò sí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ wa tó ń ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a máa ń sọ ni pé "ó lè ta díẹ̀ o," ká lè ráyè sá sí bó bá ta púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, tíṣà ni, bó ṣe máa ń rọra ka ìwé àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ náà ló ṣe ń wakọ̀, kẹ̀kẹ́ ológeere ń ré wa kọjá. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, mò ń fi ẹsẹ̀ tẹ iná ọkọ̀ tí kò sí níwájú mi.

"Ṣé o lè gbé ẹsẹ̀ jẹ́ẹ́?" ó ní.

"Ṣé ẹ lè wakọ̀?"

Iwájú ni bàbá mi jókòó sí. Ó fi ọwọ́ òsì bo ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún títí a fi dé ọsibítù.

Dókítà tó ń gbé àwọn èèyàn sùn lọ́jọ́ náà ni ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Dókítà Pẹ̀lẹ́. Òun náà ló wà níbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Iṣẹ́ yé e, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ẹ̀rọ tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, èmi pẹ̀lú rẹ̀ sì ti jọ ń ṣiṣẹ́ tipẹ́. Àlébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé, tó bá ń ti oògùn síni lára tí ẹni náà sì ń ké, á sọ pé "pẹ̀lẹ́," á máa tì í lọ. Pẹ̀lẹ́ rẹ̀ kò dá ọwọ́ rẹ̀ dúró rí.

Mo pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n tó gbé bàbá mi wọlé.

"Ẹ jẹ́ ká so rọ́bà fún bàbá mi," mo ní.

"Kòjókòó," ó ní, nítorí orúkọ tí wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́ nìyẹn, "àwọn aláìsàn pọ̀ nílẹ̀. Oorun á gbé wọn lọ kí wọ́n tó mọ̀."

"Ìgbà tó kọjá ńkọ́? Ṣé oorun gbé wọn lọ kí wọ́n tó mọ̀?"

Ó wo ilẹ̀. "Pẹ̀lẹ́," ó ní.

Mo pòṣé. Ọ̀gá mi ni o, àmọ́ mo pòṣé, ó sì gbọ́ ọ.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le. A ó fi rọ́bà so apá, bí ìgbà téèyàn fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má lè gòkè padà. A ó wá fún un ní oògùn tó ń mú ara kú, ẹbí èyí tí wọ́n ń gún sí èrìgì tí wọ́n bá fẹ́ yọ eyín, sínú iṣan tó wà nísàlẹ̀ rọ́bà. A ó jẹ́ kó jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí inú iṣan náà lè kú. Tó bá kú tán, a ó tú rọ́bà, oògùn funfun á wá kọjá níbẹ̀ láì ta ẹnikẹ́ni. Kò gbà ju ìgbà téèyàn fi ń mu ife omi kan. Láàárín èmi àti Dókítà Pẹ̀lẹ́, nígbà tó bá gbà ká ṣe é, ọwọ́ mi ló ń so, ọwọ́ mi náà ló ń tú. Tirẹ̀ ni kó máa wo ẹ̀rọ, kó ti oògùn nígbà tí mo bá mi orí sí i. Kò sẹ́ni tó pín iṣẹ́ náà fún wa bẹ́ẹ̀, ó kàn ti mọ́ wa lára.

"Ó dáa," ó ní nígbẹ̀yìn. "So rọ́bà rẹ. Àmọ́ tó o bá ti múra ọwọ́ wọn tán, jáde. O mọ òfin."

Wọ́n gbé bàbá mi wọlé. Tíátà máa ń tutù, ara rẹ̀ sì ń gbọ̀n, kò mọ̀ bóyá òtútù ni tàbí ẹ̀rù, èmi náà kò mọ̀. Dókítà Pẹ̀lẹ́ tẹríba fún un dáadáa. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá," ó ní.

Bàbá mi dá ohùn náà mọ̀. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ rọra yọ́ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, tó wọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì lọ.

"Bàbá, ẹ mú ọwọ́ wá," mo ní.

"Ìyá mi, òun nìyẹn."

"Mo mọ̀. Ẹ mú u wá."

Inú ìgbọ̀nwọ́ ni mo fẹ́ gbà, torí iṣan ibẹ̀ tóbi, oògùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ta níbẹ̀. Èmi tí wọ́n máa ń pè tí iṣan ọmọ ìkókó bá sọnù, iṣan bàbá mi ni mo wá ń wá kiri. Mo gún un, n kò rí i. Mo yí abẹ́rẹ́ síbí, mo yí i sọ́hùn-ún, ẹ̀jẹ̀ kò wá. Àágùn bò mí nínú òtútù yẹn.

"Ìyá mi," bàbá mi ní, "ṣé kànga lò ń gbẹ́ ni?"

Nọ́ọ̀sì tó ń to irinṣẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Dókítà Pẹ̀lẹ́ kò rẹ́rìn-ín. "Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀," ó ní. "Gba ẹ̀yìn ọwọ́, Kòjókòó."

Mo gba ẹ̀yìn ọwọ́. Iṣan rẹ̀ níbẹ̀ tò bí okùn, mo wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo so rọ́bà mọ́ apá rẹ̀ lókè, lábẹ́ ọwọ́ aṣọ ọsibítù tó wọ̀, mo sì ti oògùn tó ń mú ara kú sí i.

"Ó tutù," ó ní, ẹnu sì yà á. "Kò ta. Ó kàn tutù ni."

"Mo wí fún yín."

Mo fa bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó dé èjìká torí eyín rẹ̀ tó ń gbá ara wọn. Dókítà Pẹ̀lẹ́ wo aago ara ògiri.

"O ti ṣe tìrẹ. Jáde."

"Ẹ jẹ́ kí n tú u kí n tó máa lọ."

"Kò tíì tó àkókò. Màá tú u fúnra mi. Dókítà iṣẹ́ abẹ ń bọ̀, kò gbọ́dọ̀ bá ọ níbí."

Mo fi orí kan orí bàbá mi, mo jáde. Bí ilẹ̀kùn ṣe ń padé lẹ́yìn mi ni mo gbọ́ tí fóònù ara ògiri inú ibẹ̀ ń dún.

Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó na ẹsẹ̀. "Jókòó," ó ní.

"Ẹ jókòó fún mi."

Mo ṣí fìlà iṣẹ́ lórí, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í wọ tíátà láìdé, mo fi ń fẹ́ ara mi. Mo rìn dé ibi ẹ̀rọ omi, mo padà. Mo ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri nípa ọwọ́ fífọ̀, bí ẹni tí kò fọ ọwọ́ rí. Ara mi kò balẹ̀, mo sì ń bínú sí ara mi pé kí ló dé tí kò balẹ̀. Ṣé kì í ṣe pé mo ti ṣe ohun tí mo ní màá ṣe?

Ohùn bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde. Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ ògiri.

"Ẹni tó mọ ògiri yìí kò fi okùn wọ̀n ọ́n," ó ń wí. "Ẹ wo igun yẹn. Ó ti tẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá ti ń kọ́ wọn níṣẹ́." Èmi náà rẹ́rìn-ín, àyà mi fúyẹ́ díẹ̀. Ọkùnrin tí ata ń jó lọ́wọ́ kì í bẹnu àtẹ́ lu ògiri.

Mo gbọ́ Dókítà Pẹ̀lẹ́: "Bàbá, ẹ máa sùn báyìí."

Ó yẹ kí ó parí síbẹ̀. Ẹni tí oògùn funfun yẹn bá ti wọ̀ lára, kì í parí gbólóhùn tó wà lẹ́nu rẹ̀. Mo dúró. Mo ń retí ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

"Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n rẹ́ jẹ," bàbá mi ní. "Yanrìn ló pọ̀ jù níbẹ̀."

Mo rìn súnmọ́ ilẹ̀kùn.

"Bàbá, ṣé ẹ̀ ń sùn?"

"Sùn kẹ̀? Mò ń gbọ́ yín ketekete."

Ẹ̀gbọ́n mi tún rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo gbọ́ tí Dókítà Pẹ̀lẹ́ ń bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò le rárá, ohùn èèyàn tí iṣẹ́ mọ́ lára: "Ara àwọn tó ṣiṣẹ́ agbára máa ń le báyìí. Fa òmíràn wá, ká fi kún un."

Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ mọ̀. Ọwọ́ tó ń so ni ọwọ́ tó ń tú, ọwọ́ náà sì nìyí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di fìlà mú, kò tíì tú nǹkan kan. Dókítà Pẹ̀lẹ́ kò tú rọ́bà rí láti ìgbà tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́. Ó ti gbé fóònù, ó ti gbé e sílẹ̀, ó ti padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe, rọ́bà mi sì wà lábẹ́ aṣọ, lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì tí èmi fúnra mi fà bò ó. Gbogbo oògùn tó tì ló há sí apá bàbá mi, bí omi tó há sẹ́yìn ìdènà. Tó bá fi òmíràn kún un, tí rọ́bà náà sì wá tú, méjèèjì á ya lu ọkàn àgbàlagbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

N kò mọ bí mo ṣe ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní mo fi èjìká ṣí i ni.

"Ẹ má fún un! Rọ́bà! Rọ́bà wà níbẹ̀!"

"Kòjókòó, fìlà rẹ!" nọ́ọ̀sì ké.

Àtàǹpàkò Dókítà Pẹ̀lẹ́ ti wà lórí síríńjì kejì. Mo rí funfun tó ti yọ lẹ́nu rẹ̀ sínú ọ̀pá tín-ín-rín tó wọ ẹ̀yìn ọwọ́ bàbá mi. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ká bùláńkẹ́ẹ̀tì kúrò, ó ká ọwọ́ aṣọ sókè. Apá bàbá mi ti wú, ó ti dúdú ju ìyókù ara rẹ̀ lọ, rọ́bà náà sì rì sínú ẹran.

Dókítà Pẹ̀lẹ́ kò sọ pé pẹ̀lẹ́. Ó yọ síríńjì kejì kúrò, ó gbé e sí ọ̀nà jíjìn bí ẹni tó ń gbé iná. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé, "Tú u. Díẹ̀díẹ̀."

Mo di rọ́bà mú. Mo jẹ́ kó dẹ̀ díẹ̀, mo tún fún un mọ́ra, mo tún jẹ́ kó dẹ̀. Bàbá mi ń wo ojú mi.

"Ìyá mi, kí lò ń pariwo sí? Ṣé ilé ń jó ni?"

"Rárá, Bàbá. Kò sí nǹkan kan."

"Wọ́n ní kí n sùn, oorun ò kùn mí. Ògiri yẹn..."

Kò parí rẹ̀. Ojú rẹ̀ pa dé, ẹnu rẹ̀ sì là díẹ̀. Mo tú ìyókù.

Ẹ̀rọ náà ń ké bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí falẹ̀. Ẹni tó bá ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe mọ̀ pé ó máa ń falẹ̀ díẹ̀, àmọ́ eléyìí ń falẹ̀, ó ń falẹ̀ sí i, àlàfo tó wà láàárín igbe kan sí èkejì ń gùn débi pé mo ń ti igbe tó kàn lọ́kàn kó lè jáde. Dókítà Pẹ̀lẹ́ ti gbé atẹ́gùn bò ó nímú, nọ́ọ̀sì ti gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, wọ́n ti fún un ní oògùn mìíràn. Èmi dúró, mo di rọ́bà mú bí òpònú. Ohun tó ń lọ lọ́kàn mi, kò dùn ún sọ. Mò ń sọ nínú mi pé, kò ta á. Mo mú ìlérí mi ṣẹ. Tí bàbá mi bá kú síbí, kò ní ta á rárá.

Igbe kan. Òmíràn tẹ̀ lé e kíá. Òmíràn.

"Ó ti ń padà," Dókítà Pẹ̀lẹ́ ní. Àágùn ń kán bọ́ lórí imú rẹ̀. Dókítà iṣẹ́ abẹ ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ń wo orí mi tí kò ní fìlà, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Dókítà Pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn kó tó la ẹnu. "Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ẹ bá a wá fìlà."

Wọ́n bá mi wá fìlà. Wọ́n ha kókó náà kúrò, ó sì há wọn lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ha á tán. N kò kúrò ní ìdí orí bàbá mi.

Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, Dókítà Pẹ̀lẹ́ dá mi dúró níbi tí a ti ń fọ ọwọ́.

"Mo rò pé o ti tú u," ó ní.

"Ẹ ní ẹ máa tú u."

"Mo mọ̀ pé mo wí bẹ́ẹ̀. Fóònù dún. Nígbà tí mo padà sídìí ẹ̀rọ, ọkàn mi kàn sọ fún mi pé iṣẹ́ ọwọ́ ti parí. Ìwọ lo máa ń ṣe ti ọwọ́." Ó nu ojú. "Màá lọ sọ fún Bàbá fúnra mi."

"Ẹ jẹ́ kí èmi kọ́kọ́ sọ."

Ní wọ́ọ̀dù, bàbá mi ti jí, ó ti ń fọ́nnu. Ó ń sọ fún ọkùnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì pé òun kò mọ nǹkan kan lára, pé omi tútù ni wọ́n fi sí òun lọ́wọ́, pé ọmọ òun ló ṣe é. "Ọmọ mi obìnrin nìyẹn," ó ní, ó nawọ́ sí mi. "Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ni." Ọkùnrin náà kí mi kú iṣẹ́. Ó wù mí kí ilẹ̀ lanu.

Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, fà mí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. "Má sọ fún un," ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Jọ̀ọ́. Kókó yẹn ṣì máa hù, dókítà ti sọ bẹ́ẹ̀. Tó o bá sọ fún un, kò ní padà wá mọ́ láéláé. Ohun tí kò rántí, kí lo fẹ́ fi dà á láàmú sí?"

"Ẹ ṣeun," mo ní. "Ohun tí àwa náà máa ń sọ ní tíátà nìyẹn. Pé kò ní rántí."

Ó ní òun kò mọ ohun tí mò ń wí. Mo padà sídìí bẹ́ẹ̀dì. Tí mo bá sọ fún un, kó kọ̀ láti padà wá, kókó á pa á, èmi ni mo sì fi ẹnu mi pa á. Tí n kò bá sọ ọ́, màá máa kí i káàárọ̀ lójoojúmọ́ pẹ̀lú irọ́ lẹ́nu, èmi tí inú ń bí sí ọmọlàkejì nítorí pẹ̀lẹ́ tí kò dénú. N kò mọ èwo ló burú jù. Ẹnu mi kò dúró dè mí.

Mo sọ ọ́ fún un tán pátá: rọ́bà, bùláńkẹ́ẹ̀tì, fóònù, síríńjì kejì, bí ọkàn rẹ̀ ṣe falẹ̀. Mo sọ fún un pé rọ́bà tí mo so kí oògùn má bàa ta á, òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀. Mo ń sunkún, n kò sì nu ojú.

Bàbá mi ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó wo àmì rọ́bà tó yí apá rẹ̀ po, ó fi ìka tọ̀ ọ́ yíká. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo òde láti ojú fèrèsé bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí.

"Ìgbà tó kọjá," bàbá mi ní, "mo pariwo. Mo pariwo débi pé ọ̀fun mi dùn mí fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Gbogbo wọn ló gbọ́, kò sẹ́ni tó dáwọ́ dúró." Ó fa ọwọ́ aṣọ náà wálẹ̀. "Lónìí, mi ò pariwo rárá. Síbẹ̀, ìwọ gbọ́."

Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ìgbà wo ni wọ́n ní ká tún padà wá?"

"Tí òjò bá ti dáwọ́, Bàbá."

"Sọ fún dókítà yẹn pé mi ò ní wọlé tí wọ́n bá ní kó o jáde," ó ní, ó sì yí sí ògiri láti sùn.